Ìyá olóúnjẹ tí kóńgò ẹ̀ ò tẹ̀ ní Bódìjà

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Ìbàdàn tẹ́ ẹ sì ń ra oúnjẹ gbígbẹ lọ́jà Bódìjà, ẹ ti mọ ìjà tí mo fẹ́ sọ. Ìjà kóńgò. Ẹ ra ìrẹsì kóńgò mẹ́rin, ẹ délé, ẹ dà á sínú ike tẹ́ ẹ máa ń dà á sí, kò débi tó máa ń dé, ẹ wá dúró nínú kíṣìnnì ẹ ń ṣépè fẹ́ni tí ò sí níbẹ̀. Ó dáa, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan tí irú ẹ̀ kì í ti í ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ kọ rifíù ẹ̀ dáadáa torí pé ohun tí màmá tó ni ín ń ṣe níbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n sọ ibi tí mo ti rí i tẹ́nì kan ń ṣe ohun tó wà nínú Bíbélì, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń wàásù náà o, ìyẹn ni wàhálà ẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò rán mi níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fáwọn tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kóńgò ọjà, abọ́ páànù yẹn, ó yẹ kí ìdí ẹ̀ tẹ́jú. Àwọn kan á fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú títí á fi dà bí ìdí ìgò wáìnì. Àwọn míì á yọ́ àbẹ́là sí i nísàlẹ̀, tó bá ti gbẹ tí gaàrí wá bò ó, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ̀. Àwọn kan á gé etí ẹ̀ díẹ̀. Àwọn míì ò tiẹ̀ fọwọ́ kan kóńgò rárá, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, wọ́n á máa kà á sókè: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, "àǹtí, àwọn ọmọ ńkọ́?", kẹ́ ẹ tó ní wọ́n wà, aárùn-ún ti wọlé, ẹẹ́rin ò sì fojú kan àpò yín. Òfin wà lórí ìwọ̀n ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé òfin tẹ̀lé kóńgò kọ̀ọ̀kan kiri ọjà.

Kóńgò ti màmá yìí, orí àpò ló máa ń dojú ẹ̀ dé, ìdí ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tẹ́ ẹ bá ní kó wọn ìrẹsì, ó máa bù ú kún, ó máa gbọ̀n ọ́n kó lè jókòó, ó tún máa bù lé e, ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ kì í mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá kó o lé e lórí títí á fi ṣe ṣóńṣó tí ìrẹsì á máa yọ̀ bọ́ létí kóńgò. Kì í fọwọ́ gbá orí ẹ̀ dànù bí àwọn tó kù ṣe máa ń ṣe. Tó bá wọ̀n ọ́n tán ó tún máa fọwọ́ bu èènì sí i, kì í sì í jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣe é. Mo gbé kóńgò kan tí mo rà lọ́dọ̀ ẹ̀ sórí ìwọ̀n tí mo fi ń ṣe kéèkì nílé, ó lé díẹ̀ ní kílò kan ààbọ̀. Ti ibi tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀, kílò kan àti díẹ̀ ni, ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣèṣirò ẹ̀.

Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín yín, ẹ ti mọ ẹsẹ tó wá sí mi lọ́kàn bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Lúùkù 6:38. Òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀. Bí mo ṣe pẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí agbọ̀n ọrẹ bá ń bọ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ ẹsẹ yẹn, ẹ fi fún ni a ó sì fi fún yín, kóníkálukú mú èyí tó dáa jù dání kó gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni Jésù mú lò níbẹ̀, ẹni tó ń wọn ọkà, tó ń gbọ̀n ọ́n, tó ń kì í, tó jẹ́ kó kún wọ́lẹ̀ kó tó dà á síni láṣọ. Ẹ tún wo ẹsẹ tó ṣáájú ẹ̀, ẹ má dáni lẹ́jọ́, ẹ dárí jini. Kò sí agbọ̀n ọrẹ kankan nítòsí ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe wọ̀n ọ́n fún ọmọnìkejì yín ni wọ́n máa wọ̀n ọ́n fún yín, bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ bí tàwa ṣe di ti owó ọrẹ nìkan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kì í ṣe bó ṣe ń tà á gan-an, bó ṣe ń rà á ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí obìnrin kan gbé èlùbọ́ wá láti apá Òkè-Ògùn, eruku ọ̀nà ṣì wà lára gèlè ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kóńgò méjì ló wà, kóńgò ìrà àti kóńgò ìtà, èyí tí wọ́n fi ń rà lọ́wọ́ àwọn ará oko máa ń jinnú, wọ́n sì máa ń kó o lé e bí òkè, èyí tí wọ́n fi ń tà fún wa ló máa ń tẹ̀. Màmá yìí gbé kóńgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọn ẹ̀wà fún èmi, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó sì fi wọn èlùbọ́ obìnrin yẹn. Obìnrin yẹn ń wò ó bí ẹni pé nǹkan kan máa tó ṣẹlẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n sanwó, ó lọ.

Tẹ́ ẹ bá ṣí Diutarónómì 25, ẹsẹ 13 sí 15, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ sí oríṣi òkúta ìwọ̀n méjì nínú àpò ẹ, ńlá àti kékeré, kò gbọdọ̀ sí oríṣi òṣùwọ̀n méjì nínú ilé ẹ. Òkúta làwọn ọlọ́jà ìgbà yẹn fi ń wọn fàdákà àti ọjà, inú àpò ni wọ́n ń kó o sí kiri, ẹni tó bá fẹ́ yan ni jẹ á kó oríṣi méjì dání. Wòlíì Ámósì tó jẹ́ darandaran ará Tékóà náà pariwo ẹ̀ lé wọn lórí, ó ti lé ní 2,700 ọdún báyìí, ohun tó sọ ní orí 8 sì pa mí lẹ́rìn-ín torí ó bá wa mu jù: ó ní wọ́n ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tètè parí kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n kékeré wọn, kí wọ́n sì tún ta ìdọ̀tí ọkà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tó ń jó níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday, tí kóńgò alábẹ́là ń dúró dè é ní Monday.

Ẹ̀wà ńkọ́. Ẹ̀wà olóyin ẹ̀ dáa, ó máa ń tètè jinná, òkúta inú ẹ̀ ò pọ̀. Ìrẹsì Ọ̀fadà tí mo bá níbẹ̀ ní òkúta o, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi kí n tó sanwó, "ọmọ mi, eléyìí o máa ṣà á dáadáa o, àbí kóo dúró de tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo dúró. Ní ti kòkòrò inú ẹ̀wà, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun táwọn kan ń ṣe, wọ́n ń da òògùn apakòkòrò dichlorvos, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Sniper, sórí ẹ̀wà táwọn èèyàn fẹ́ jẹ, NAFDAC tiẹ̀ fòfin de títa ìgò kékeré ẹ̀ lọ́jà lọ́dún 2019. Màmá yìí ń lo àpò onípele mẹ́ta yẹn, èyí táwọn Purdue University ti Amẹ́ríkà gbé jáde fún ẹ̀wà, wọ́n á fún ẹnu ẹ̀ pinpin débi pé kòkòrò ò ní rí atẹ́gùn mí. Ata gbígbẹ ló máa ń fi sínú èyí tó bá ti tú síta. Mo béèrè ìdí tí ò fi lo òògùn bí àwọn tó kù torí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ó ní inú àpò kan náà lòun ti ń bu tòun lọ sílé. Kò ka ẹsẹ kankan sí mi létí lórí ìyẹn, èmi ni mo délé tí ẹsẹ kan wá sí mi lọ́kàn: ìwọ fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ.

Àwọn alábàárù náà. Ọmọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì wọlé, màmá ń ka owó lọ́wọ́ fún ẹni tó kó ọjà wá fún un, owó tó pọ̀, irú èyí téèyàn ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń kà á. Ó fi ọwọ́ kan di ibi tó kà á dé mú, ó fi ìkejì yọ owó ọmọ yẹn fún un kó tó máa bá kíkà ẹ̀ lọ. Ẹni tó kó ọjà wá kanra díẹ̀. Màmá ní "owó òógùn kì í sùn lọ́dọ̀ mi." Ẹ mọ àwọn tó jẹ́ pé "padà wá nírọ̀lẹ́" ni wọ́n máa ń sọ fún alábàárù, tó bá dé nírọ̀lẹ́ wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí àwọn ìyá àgbà kan tó máa ń wá gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kó ẹ̀wà àti ìrẹsì tó dà sílẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á ṣà á, wọ́n á gbé e lọ sè tàbí lọ tà. Láwọn ibòmíì wọ́n máa ń lé wọn dànù, tàbí kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù fi ìgbálẹ̀ gbá a padà sínú àpò tiyanrìn-tiyanrìn, àwa tá a bá ra tẹni yẹn ló máa fi eyín wá òkúta. Màmá yìí kì í gba ilẹ̀ ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ti sọ fáwọn ọmọ tó ń bá a tajà pé ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe tàwọn mọ́. Rúùtù inú Bíbélì nìyẹn, opó tó ń ṣa ọkà tó bọ́ sílẹ̀ ní oko Bóásì, kò yàtọ̀, ilẹ̀ kọnkéré ló kàn jẹ́.

Mo wá jókòó nílé mo rí i pé orí kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ẹ̀ tán. Léfítíkù 19. Ẹ má kó ohun tó bọ́ sílẹ̀ lóko, ẹ fi í sílẹ̀ fún tálákà, ẹsẹ 9 àti 10. Owó alágbàṣe ò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹ, ẹsẹ 13. Fẹ́ràn ọmọnìkejì ẹ, ẹsẹ 18. Ìwọ̀n tòótọ́, òṣùwọ̀n tòótọ́, ẹsẹ 35 àti 36. A máa ń fo Léfítíkù torí a rò pé ẹran ẹbọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó yá, àwọn ibi tí mo ti yọ máàkì. Àkọ́kọ́, gbohùngbohùn. Láti àárọ̀ ni ìwàásù ti ń dún látinú ẹ̀rọ kan tó gbé sórí àpò gaàrí, ó ń dún débi pé ẹ máa pe iye tẹ́ ẹ fẹ́ ra lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀," wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Bẹ́ẹ̀ tí alájì tó ń ta èlò ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bá fẹ́ kírun, ó máa ń pa á fún un láìjẹ́ kó béèrè, mo sì rò pé ìyẹn dáa gan-an ni, ṣùgbọ́n àwa kọ́sítọ́mà ńkọ́, ṣé a ò létí ni?

Èkejì, bọ́ọ̀dù. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ÀWÌN KÒ SÍ, ó wá kọ Róòmù 13:8 sábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ tó ní ká má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Mo bá a jiyàn lórí ẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n san owó orí fún ẹni tí owó orí tọ́ sí ni, kò sọ fún ọlọ́jà pé kó má ṣàwìn. Tó bá jẹ́ ti ọlọ́jà ni, Mátíù 5:42 ló wà fún un, ẹni tó bá fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ ẹ, má ṣe kẹ̀yìn sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ọmọ mi, ẹsẹ tó wà fún mi nìwọ mọ̀, èyí tó wà fún ẹ, o ò kà á." Ó mú mi dáadáa, mi ò purọ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó rà láwìn nígbà Kérésì ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé báyìí, mi ò bá a wí pé kò ṣàwìn, owó ẹ̀ ni. Kó kàn kọ ọ́ pé òun ò ṣàwìn, kó má fi Pọ́ọ̀lù ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta, owó ẹ̀ fi nǹkan bí igba náírà wọ́n ju tàwọn tó yí i ká lọ lórí kóńgò kan, àwọn tí ò gbé e sórí ìwọ̀n máa ń torí ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ṣe tiraansifá, kò ní fi ọjà sílẹ̀ títí áláàtì á fi wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjà yẹn náà sì ti mọ bó ṣe rí, nítorí náà ẹ mú káàṣì dání.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Gbohùngbohùn yẹn ló jẹ ìkan, bọ́ọ̀dù mo fojú fò ó.

Wọn kì í ṣí ní Sunday. Ní ọjọ́rú wọ́n máa ń tètè pa dé lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, tẹ́ ẹ bá dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ẹ ò ní bá wọn, àwọn ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà nìkan lẹ máa bá. Èlùbọ́ máa ń tètè tán ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ mú báàgì tiyín lọ, náílọ́nù ẹ̀ ò lágbára, tèmi ti ya sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà rí.