PEM tàbí Alkaline: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Ẹ̀rọ Háídrójìn Àlòkù?

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rọ háídrójìn (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ya omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn) tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ yóò bá oríṣi méjì pàdé jù: PEM, tó ń lo awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti alkaline, tó ń lo omi oníkẹ́míkà. Méjèèjì ló ń jẹ iná tó tó nǹkan bíi 50 sí 55 kílówáàtì-wákàtí lórí kílò háídrójìn kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi ìyẹn fa ojú yín mọ́ra. Alkaline ni mò ń lò báyìí. PEM ni mo kọ́kọ́ rà.

Bó ṣe jókòó kí ẹ tó rà á

Wákàtí iṣẹ́ ni olùtajà máa ń fi polówó. "Kò ṣiṣẹ́ rí, odo ni mítà rẹ̀ wà." Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìjókòó lásán náà ń pa PEM. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan (yàrá kékeré tí omi ti ń pín), omi tó bá mu ló fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbẹ, á súnkì. Bí wọ́n bá tún bomi sí i, á wú. Níbi tó ti ń súnkì tó sì ń wú ni yóò ti fàya, tàbí kó lu ihò tí ojú ò lè rí. Bí òtútù bá sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín, ó lè bàjẹ́ pátápátá. Bí omi náà kò bá sì mọ́, irin àti kálísíọ̀mù inú rẹ̀ á wọnú awọ, wọ́n á jókòó síbẹ̀.

Èyí tí mo rà ti wà ní ilé ìkẹ́rùsí láìsí ẹni tó ń bójú tó omi rẹ̀. Nígbà tí a tan án, háídrójìn ń yọ́ bọ́ sí ọ̀nà ọ́síjìn. Háídrójìn tó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 láàárín ọ́síjìn lè gbiná, kíá la pa á. Owó tí wọ́n ní kí n mú wá fún stack tuntun (àkópọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà) ju iye tí mo fi ra gbogbo ẹ̀rọ náà lọ.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀: irú omi wo ló wà nínú rẹ̀, ta ló ń pààrọ̀ rẹ̀, ṣé òtútù ibẹ̀ kì í dé ibi yìnyín? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ nitrogen, gáàsì tí kì í gbiná, sí ẹ̀gbẹ́ kan awọ náà níṣojú yín, kí ẹ wò ó bóyá yóò hó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, torí ìyẹn ni pé awọ ti lu. Kí wọ́n wá tan án, kí ẹ wọn fóltì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.

Alkaline ò le tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fa omi KOH rẹ̀ (potassium hydroxide, kẹ́míkà tó ń fi ṣiṣẹ́) jáde, tí wọ́n ṣàn án, tí wọ́n sì fi nitrogen kún inú rẹ̀, ó lè jókòó pẹ́. Bọ́ọ̀tì ńláńlá ló di sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ra, fìtà tó mọṣẹ́ sì lè tú u, kó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n iná tó ń padà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá pa á máa ń jẹ àwọn àwo nickel rẹ̀. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti ń pa á. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an lè ní asbestos nínú, èyí tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ mọ̀ kí ẹ tó tú u.

Àwọn yòókù

Iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́: PEM ló yá jù láti tẹ̀lé iná tó ń lọ sókè sódò. Bí iná alkaline bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, gáàsì rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀.

Àyè: PEM kéré, alkaline tóbi.

Mímọ́ gáàsì: PEM tún ni. Ti alkaline gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ tó ń yọ KOH, ọ́síjìn àti omi kúrò.

Owó àfọ́kù: iridium àti platinum (irin olówó iyebíye) inú PEM ní oníbàárà kódà bó bá ti kú.

Sísọ ọ́ di olómi, àti ìpamọ́

Ní -253°C ni háídrójìn ń di olómi, iná tó ń jẹ sì máa ń ju 10 kílówáàtì-wákàtí lọ lórí kílò kan. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá kéré, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, tó yín. Ẹni tó bá fẹ́ táńkì olómi, kó béèrè bí òfìfo (àyè tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò) àárín ògiri méjèèjì táńkì náà ṣe rí àti iye tó ń hó dànù lójúmọ́. Táńkì tí yìnyín bá ń bò lára, ẹ fi í sílẹ̀. Sìlíńdà oníkábọ́ọ̀nù ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tán, ó wà lára lébẹ́ẹ̀lì. Ti irin, ẹ wo ọjọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ sọ́rùn rẹ̀.

Bí iná yín bá jẹ́ ti oòrùn nìkan tí àyè sì há, PEM bá yín mu, bí olùtajà bá gbà kí ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá gbà, ẹ wá alkaline tí fìtà yín lè tú.