Bíréèkì Ìjàpá mi, oṣù 4 lẹ́yìn iṣẹ́ láìnì ní Kàbà

Ìjàpá (Volkswagen Beetle) ni ọkọ̀ mi, 1300 tí bàbá mi rà ní 1978, nígbà tí wọ́n ṣì ń tò ó ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: irin méjì tí à ń pè ní ṣúù ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, láìnì tó wà lójú wọn ló ń fara kan dúrọ́ọ̀mù láti dá a dúró. Kò sí díìsìkì kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ òde òní lè má mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ ó tẹ pẹ́dà, ẹ ó dúró díẹ̀, ọkọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ẹ bá òun sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà Lọ́kọ́ja la wà lọ́jọ́ náà, èmi àti ìyàwó mi, a ti fẹ́ dé Ọbájànà. Tírélà sìmẹ́ńtì kan tẹ bíréèkì níwájú wa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo tẹ tèmi. Pẹ́dà wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ kànìnkànìn, ọkọ̀ sì ya sọ́tùn-ún, igbó ló ń wá lọ. Jíà kejì ló yọ wá. Nígbà tí a fi máa dúró, àyè tó kù láàárín wa àti tírélà yẹn, ewúrẹ́ ò lè gbà á kọjá. Òórùn láìnì tó jó gba inú ọkọ̀ kan. Ìyàwó mi ò pariwo o. Ó kàn ní, "Bàbá Túndé, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbí, mo máa wọ bọ́ọ̀sì."

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6 tí mo pààrọ̀ ṣúù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ ló bá mi ṣe é, ṣúù tuntun, inú páálí ni wọ́n ti yọ ọ́ lójú mi. Mo padà lọ bá wọn pé ọkọ̀ ń fà sápá kan. Wọ́n ní kí n máa wà á, ó máa jókòó fúnra rẹ̀. Ó jókòó lóòótọ́, ìdí tírélà ló fẹ́ jókòó sí.

Mẹkáníìkì tí wọ́n wá júwe fún mi ní Kàbà kì í ṣe ọmọdé nídìí Ìjàpá. Mo kí i, "Okun o!" Ó dáhùn, àmọ́ ọkọ̀ ló ń wò. Nọ́ọ̀tì 36 tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn le débi pé ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ọmọ iṣẹ́ méjì sì gùn ún kó tó tú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì pa inú dúrọ́ọ̀mù yíká, ó gbé ṣúù tuntun mi lé e, ó fì í síwá sẹ́yìn, ó wá yí i padà fún mi wò. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti kan láìnì kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, láàárín gbùngbùn. Ìyókù dúdú bó ṣe wà nínú páálí. Ó ní, "Bàbá, ìka méjì lẹ fi ń dá ọkọ̀ dúró."

Dúrọ́ọ̀mù mi ti jẹ, ó ti fẹ̀ ju ti àtilẹ̀wá lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ti àtilẹ̀wá ni wọ́n tẹ ṣúù mọ́. Ẹ sì wò ó, nínú bíréèkì dúrọ́ọ̀mù, ṣúù kan wà tó jẹ́ pé yíyí tí dúrọ́ọ̀mù ń yí gan-an ló ń wọ́ ọ mọ́ra, tí yóò fi di irin mú ju bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni agbára yẹn. Tí láìnì ò bá ti fara kàn án, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ti fífà sọ́tùn-ún ńkọ́? Sílíńdà tó ń ti ṣúù ní ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ló ń jò, ọ́ìlì ti rin láìnì ibẹ̀ gbingbin, ọ̀tún ló wá ń di irin mú jù. Mo ní kó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ó ní láìnì tó bá ti mu ọ́ìlì, kò sí ọṣẹ tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì jù ú sí kọ̀rọ̀.

A kó dúrọ́ọ̀mù lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ họ irin, torí ilà ti wọ inú wọn bí ojú àwo orin àtijọ́. Bákan náà ló họ méjèèjì iwájú, kí ọ̀kan má baà fẹ̀ ju èkejì kí ọkọ̀ tún máa fà. Láìnì tó nípọn díẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ sórí ṣúù, wọ́n sì kàn án ní ríbẹ́ẹ̀tì. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ló kàn: ó tẹ́ sáńpépà líle sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń fi ṣúù ha á síwá sẹ́yìn, ó ń pa ṣọ́ọ̀kì, ó ń wò, ó tún ń ha á. Ìka méjì di mẹ́rin, ó di àtẹ́lẹwọ́, títí ṣọ́ọ̀kì fi kan láti etí dé etí. Ṣúù mẹ́jọ, látàárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Èmi ni mo takú pé kó máa wọ́n omi sí i, kó má sì fi ẹnu fẹ́ eruku láìnì àtijọ́, torí asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ́ìlì bíréèkì tó jáde dúdú bí àgbo. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4, irú èyí tí à ń lò, tó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí yóò fi tó 230°C, ṣùgbọ́n tó bá ti mumi, 155 lè tó o. Tó bá hó lórí òkè, ó di afẹ́fẹ́ gbígbóná nínú páìpù, pẹ́dà á wọlẹ̀. A da tuntun sí i, a yọ afẹ́fẹ́ láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù.

Gbogbo owó tó bá a lọ jẹ́ ₦62,000. Owó ṣúù inú páálí tí mo kọ́kọ́ rà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, pẹ́dà ga, ó le, ọkọ̀ ń dúró lójú kan. Kò dà bíi díìsìkì o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Mo ṣì ń fi jíà kejì sọ̀ kalẹ̀, tí mo bá sì la omi kọjá, mo máa ń rọra tẹ ẹ́ kí inú dúrọ́ọ̀mù gbẹ. Àwọn kan ní kí n kúkú pààrọ̀ iwájú sí díìsìkì. Bóyá lọ́jọ́ kan, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì yẹ tiwọn wò.

Ẹjọ́ tí mo ní mọ́ mẹkáníìkì yìí ni pé kò sọ fún mi pé láìnì tuntun máa jẹ díẹ̀ kó tó mọ́ra. Lẹ́yìn bíi 300 kìlómítà, pẹ́dà ti ń lọ sílẹ̀, ọkàn mi ti pòórá. Èmi fúnra mi ni mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí mo fi sukudíráfà yí ìràwọ̀ méjì (irin eléyín tó ń ti ṣúù sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù) tó wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí táyà fi há, kí n tó dá a padà ní eyín mẹ́ta. Torí ìyẹn, 4 nínú 5 ni mo fún un.

Ìyàwó mi ti ń wọ ọkọ̀ padà. Hándí-bíréèkì ló kù, wáyà rẹ̀ ti gbó, mi ò tíì rí òmíràn rà. Tí mo bá páàkì lórí òkè, òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wá òkúta sídìí táyà.