Orin lábẹ́ àwòrán, àbí ariwo ibẹ̀ gan-an?

Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001 ní Amẹ́ríkà, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ń fi Only Time, orin Enya, akọrin obìnrin ará Ireland, sábẹ́ àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Orin ọdún 2000 ni, kì í ṣe orin ọ̀fọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, omijé kì í pẹ́ bọ́ lójú ẹni. Àmọ́ ṣé òkú là ń sunkún ni, àbí orin? Bí ohùn dídùn bá ti wọlé, ikú á dà bíi fíìmù. Ká má parọ́, Enya fi owó àkànṣe ẹ̀dà orin náà ran ẹbí àwọn panápaná lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ètò ìrántí, mo gbà, ìròyìn kọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohùn ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú fídíò tí wọ́n ká lẹ́yìn tí ilé gogoro World Trade Center ní New York wó, eruku bo gbogbo ilẹ̀, nǹkan sì ń han gooro láti ibí, láti ọ̀hún. Ẹ̀rọ kékeré tí panápaná máa ń so mọ́ra ni. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò bá mira fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà. Dùùrù wo lẹ tún fẹ́ fi sí i?