Lítà àbí gálọ́ọ̀nù: èwo ni ká pè lọ́jà?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwa tó ń ra epo ní Oyingbo. Gálọ́ọ̀nù yá lẹ́nu, kò sí ìyá elépo tí kò mọ̀ ọ́n. Lítà ló ṣe é fọkàn tán: lítà kan ní Mushin, lítà kan náà ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Gálọ́ọ̀nù ńkọ́? Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4.55, ti Amẹ́ríkà ò pé 3.79, ti ọ̀dà ilé níbí sábà máa ń jẹ́ lítà 4. Ẹlòmíì tún ń pe kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní gálọ́ọ̀nù! Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù òróró kan wá, àfi bí ọmọ náà ṣe ru kẹ́ẹ̀gì ńlá dé, tó ń làágùn. "Gálọ́ọ̀nù lẹ pè, ẹ̀gbọ́n." Owó lítà mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi.

Kẹ́ẹ̀gì tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, tí epo inú rẹ̀ ò pé mọ́, náà wà níbẹ̀. Orúkọ gálọ́ọ̀nù á bò ó mọ́lẹ̀, lítà á tú u fó.

Tó bá jẹ́ oníbàárà rẹ tipẹ́ ni, tí ẹ jọ dúró ti kẹ́ẹ̀gì kan náà, gálọ́ọ̀nù ti tó. Tó bá jẹ́ orí fóònù lo ti ń ránṣẹ́, tàbí o fẹ́ fi iye owó ìsọ̀ méjì wéra, pe lítà. Ti epo jẹnẹrétọ̀ ò le rárá: lítà ni ẹ̀rọ ilé epo ń kà.