Àwọn agégẹdú tó ṣiṣẹ́ lóko bàbá wa: igi gígé wọn dáa, ilẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè mí pé ṣé kẹ́ ẹ gba àwọn agégẹdú tó bá mi ṣiṣẹ́ lóko lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí fóònù mi sinmi. Mi ò ní dárúkọ wọn o, ẹni tó ń bi mí ti mọ̀ wọ́n. Nínú máàkì márùn-ún, mo fún wọn ní mẹ́rin fún igi gígé, ti ilẹ̀ ẹyọ kan péré, ẹyọ kan yẹn gan-an torí pé ọ̀gá wọn ò bínú.

Éékà méjì ni, igi Gmelina tí àwa ń pè ní melaina ló kún ibẹ̀. Bàbá wa gbìn ín nígbà tí ìjọba ń gbìn ín kún inú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní J4 pé wọ́n máa fi ṣe bébà níléeṣẹ́ bébà Ìwopin, bébà ò wá rí bẹ́ẹ̀ mọ́, igi dúró ó ń sanra, sọ́míìlì ló kù tó ń rà á.

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ọmọkùnrin tó mú ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń gégi yẹn mọṣẹ́. Á kọ́kọ́ yí igi ká, á wo ibi tó tẹ̀ sí, á la ẹnu sí i níwájú kó tó wá gé e lẹ́yìn, ibi tó bá sì nawọ́ sí náà nigi máa wó sí. Ọ̀pẹ mẹ́ta tí màmá wa fi sílẹ̀, ìkankan ò farapa.

Kátakátá ló ba nǹkan jẹ́. Oṣù kẹwàá, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo ní ẹ jẹ́ á dúró dìgbà tílẹ̀ bá gbẹ, ọ̀gá ní tírélà ti ń dúró, ni wọ́n bá kó kátakátá wọnú ilẹ̀ tútù wọ́n ń wọ́ gẹdú káàkiri, ibi tó bá ṣáà ti wù wọ́n ni wọ́n ń gbà. Ẹ gbọ́, ilẹ̀ tó bá tutù, ìgbà àkọ́kọ́ àtìgbà kejì tí táyà bá gorí ẹ̀ ló ń ṣe é léṣe jù, torí náà ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n máa gbà lọ gbà bọ̀, kíyẹn bà jẹ́ kíyòókù yè. Ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ló wà nínú ilẹ̀, ibẹ̀ lomi àti atẹ́gùn ń gbà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà, táyà ti tẹ gbogbo ẹ̀ pa. Mo fi àdá gún abẹ́ igi tí wọn ò dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé dé èèkù. Mo gún ojú ipa táyà, kò ju ìka méjì lọ. Títí di báyìí tójò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀ bíi odò, ẹ̀fọn á wá máa yé ẹyin síbẹ̀.

Ti ẹ̀ka àtewé, èmi náà jẹ̀bi díẹ̀, torí èmi ni mo ní mo fẹ́ kíbẹ̀ mọ́ tónítóní. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé oúnjẹ ilẹ̀ ò pọ̀ nínú gẹdú tí wọ́n gbé lọ tó bó ṣe pọ̀ nínú ewé, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ àti èèpo. Ká ní wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni, ilẹ̀ ì bá ti jẹ ẹ́. Wọ́n kó o jọ sí òkìtì méje, tòun ti ìtì igi tó nípọn, wọ́n dáná sí i nínú ọyẹ́ oṣù kìíní, ó jó fọ́jọ́ mẹ́ta!

Ẹ wá wo abẹ́ òkìtì yẹn. Ilẹ̀ pọ́n bíi ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde. Mo ha òkè ẹ̀ kúrò díẹ̀, mo da omi inú ike sí i, omi ń yí gbirigbiri bí ẹni pé orí ewé kókò ni mo dà á sí. Ó yà mí lẹ́nu kí n má parọ́. Wọ́n ní ọ̀rá inú ewé ló máa ń di èéfín tíná bá pọ̀, á wọlẹ̀ lọ, á wá lẹ̀ mọ́ yanrìn níbi tó tutù. Nitrogen, ìyẹn oúnjẹ ilẹ̀ tí àgbàdo fi ń dúdú, sì rèé, tí ooru bá ti ń lọ sí bíi igba dígírì ló ti ń bá èéfín lọ. Àgbàdo tí mo gbìn síbẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, koríko gan-an ò hù.

Apá kejì oko tí wọn ò tíì kó jọ, bàbá kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi jó o, mo fún un lówó díẹ̀ àti gàrí, òun ni mo fún ní márùn-ún nínú márùn-ún! Ó tẹ́ ẹ̀ka pẹrẹsẹ, ó ro etí oko yípo títí ó fi kan erùpẹ̀, ó gbé dúrọ́ọ̀mù omi àtimọ̀ ọ̀pẹ tútù kalẹ̀, ó wá dúró dìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn rọlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ á kánjú," ó wá dáná síbi tí iná máa fi kọjú sí atẹ́gùn, iná ò ga ju orúnkún lọ, ó ń rọra jẹ ewé lọ. Nígbà tó kọjá mo fi ìka wa ilẹ̀, kò jìn rárá tó ti tutù. Eérú tín-ínrín ló kù, ìyẹn sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ẹ mọ̀ bí yanrìn tiwa yìí ṣe máa ń kan. Àmọ́ ẹ tètè gbin nǹkan sí i o, òjò ńlá àkọ́kọ́ lè fọ̀ ọ́ lọ, ẹ má sì sọ ọ́ di ọdọọdún. Àgbàdo apá ibẹ̀ ga ju mi lọ, ekòló sì ti ń yàgbẹ́ káàkiri.

Mo pe ọ̀gá agégẹdú kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Ó wá, ó họ orí, ó ní oníbàárà ló máa ń ní káwọn jó o mọ́lẹ̀ pátápátá, mi ò rí nǹkan sọ. Ó dá díẹ̀ padà nínú owó tí mo san, kò tó owó àwọn tí mo ní kí wọ́n fi ọkọ́ tú ojú ipa táyà.

Àwọn kùkùté melaina ti ń rú, àfi àwọn tó wà létí òkìtì, ìyẹn ti kú. Mo dá ẹ̀ka kan ṣoṣo sí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá tún tó gé, màá pe ọmọkùnrin ẹlẹ́ńjìnì yẹn padà, òun nìkan ṣá o, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí kátakátá dúró sílé.