Ìwé atúmọ̀ èdè Sípéènì ti RAE lórí íntánẹ́ẹ̀tì: adájọ́ ni, kì í ṣe tíṣà

Ọ̀fẹ́ ni dle.rae.es (DLE ni wọ́n ń pe ìwé náà), wọn ò sì ní ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Real Academia Española (RAE), ẹgbẹ́ tó ń bójú tó èdè Sípéènì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Madrid lọ́dún 1713, ló ni ín. Ẹ̀dà 23, tó jáde lọ́dún 2014, ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fi nǹkan kún un. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ọ̀rọ̀ Sípéènì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yanjú ẹ̀. Àmọ́ Sípéènì ni wọ́n fi túmọ̀ Sípéènì, kò sì sí ohùn tẹ́ ẹ lè tẹ̀ gbọ́.

Bọ́tìnnì Conjugación, tó ń to oríṣiríṣi ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe, ló dùn ún lò jù. Ẹ wá "tener" (ní), kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì náà: tengo, tuve, tendré á tò sílẹ̀. Níwájú tú (ìwọ), "tienes / tenés" lẹ máa bá. Kì í ṣe àṣìṣe o. "Tenés" ni àwọn tó ń lo "vos" dípò tú ń sọ, bí àwọn ará Argẹntínà. Ibi tí Yorùbá bá ti ń sọ "mo fẹ́ kí o...", abẹ́ Subjuntivo ni kẹ́ ẹ wò: quiero que tengas (mo fẹ́ kí o ní). Ní ti usted ("ẹ" ọ̀wọ̀), ẹni tó ti ń fi "ẹ" kí àgbà láti kékeré ti mọ ìgbà tó yẹ ẹ́. Ohun tó máa ń dà á rú ni ọ̀rọ̀-ìṣe: á pe àgbà ní usted tán, á tún sọ "tienes" tẹ̀ lé e. "Tiene" ni.

Tó bá kan ser, estar (méjèèjì jọ "jẹ́" àti "wà") àti por (bíi "nítorí"), ẹ má retí púpọ̀. Ìtumọ̀ á tò lọ bẹẹrẹ, kò sì ní sọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mú. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni pé "es listo" túmọ̀ sí pé ọlọ́gbọ́n ni, "está listo" sì túmọ̀ sí pé ó ti ṣetán. Ẹ lè fi "jẹ́" mọ ser, kẹ́ ẹ fi "wà" mọ estar: es médico (dókítà ni), está en casa (ó wà nílé). Ó máa já yín sílẹ̀ níbi ayẹyẹ, torí "la fiesta es en mi casa" (ilé mi ni ayẹyẹ náà ti máa wáyé) ni wọ́n ń sọ, ser ni wọ́n lò.

Irú ìbéèrè báyìí, Diccionario panhispánico de dudas ni kẹ́ ẹ lọ bá, ọmọ ìyá ẹ̀ tó wà ní rae.es/dpd, tó kọ́kọ́ jáde ní 2005. Ẹ wo "agua" (omi) níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ abo ni, síbẹ̀ "el agua" ni wọ́n ń sọ, torí "a" tó ṣáájú ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ lé e kò kúrò ní abo: el agua fría, esta agua, las aguas. "Este agua" tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, àṣìṣe ni. "Había muchos libros" (ìwé púpọ̀ wà) náà wà níbẹ̀, tí wọn ò gba "habían".

Àmì orí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ohùn òkè bíi ti wa. Ibi tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fi hàn: papá ni bàbá, papa ni ọ̀dùnkún ní Látìn Amẹ́ríkà.

Ẹni tí kò tíì lè ka ìpínrọ̀ Sípéènì kan kó yé e, kó fi DLE sílẹ̀ ná, àfi bọ́tìnnì Conjugación nìkan.