Irin Alùpùpù Tó Ti Dípẹtà: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà, Oògùn, Iṣẹ́ Ọwọ́ Àbí Ẹ̀yà Tuntun?

Kí owó tó jáde lápò, ẹ fi èékánná fa ojú ibi tó dípẹtà. Bó bá ń gbọ̀n dànù bí eruku, tí irin abẹ́ rẹ̀ ṣì tẹ́jú, ojú lásán ni ìpẹtà wà, ohun olówó pọ́ọ́kú á sì ká a. Bí èékánná bá ń há sínú ihò wẹ́wẹ́, irin ti jẹ nìyẹn. Oògùn máa ń yọ ìpẹtà, kì í dá irin tó ti jẹ padà. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò kí wọ́n tó ra gálọ́ọ̀nù oògùn fún ẹ̀yà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Oògùn tí a ń rẹ irin sí

Fínígà funfun kò le rárá: ásíìdì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ, bóòtù sì lè lo wákàtí 12 sí 24 nínú rẹ̀. Ásíìdì sítíríkì, èyí tó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan, dára jù ú lọ. Ẹ pò gíráàmù 50 sí 100 mọ́ lítà 1 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Wákàtí díẹ̀ máa ń tó fún ìpẹtà tí kò jinlẹ̀. Kì í rùn, àpò kékeré kan sì ń ṣe ọ̀pọ̀ lítà. Àléébù kan náà làwọn méjèèjì ní: bí wọ́n bá jẹ ìpẹtà tán, irin gan-an ló kàn. Ẹ máa yọ ọ́ wò ní wákàtí wákàtí.

Oògùn ìpẹtà tí wọ́n ń tà ní pípò, irú Evapo-Rust, kì í ṣe ásíìdì líle. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń di ìpẹtà mú, ó sì ń fa á kúrò lára irin, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan irin tó ṣì dára. Kì í ba rọ́bà àti ike jẹ́, ẹ sì lè lò ó léraléra títí tó fi máa dúdú, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wọ́n ju sítíríkì lọ, òtútù máa ń mú kó falẹ̀, ẹ̀yà náà sì gbọ́dọ̀ rì pátápátá; bí ìdajì bá yọ sókè, ilà máa hàn níbi tí ojú omi dé. Fún sípíríǹgì àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ṣe pàtàkì, ó tó owó rẹ̀. Fún férémù odindi, rárá.

Ásíìdì haidirokilóríìkì tí àwọn kan fi ń fọ táìlì ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má rà á. Èéfín rẹ̀ máa ń sọ gbogbo irinṣẹ́ inú yàrá di ìpẹtà. Èyí tó burú jù ni pé gáàsì haidirojíìnì tó ń mú jáde lè wọ inú irin líle, kí sípíríǹgì tàbí bóòtù tó gbé táyà dúró wá ṣẹ́ lójijì lójú ọ̀nà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn nínú àwọn tó jẹ́ ásíìdì, ẹ ṣan irin náà pẹ̀lú omi tí ẹ po ṣíbí ńlá 1 baking soda mọ́ ní lítà kan, kí ẹ fi ooru gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi epo tàbí ọ̀dà àkọ́kọ́ bò ó láàárín wákàtí kan náà. Irin tó mọ́ tó ṣì ní omi lára kò ní aṣọ lára. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún pọ́n. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, kì í ṣe níbi oògùn.

Iná mànàmáná àbí yanrìn?

Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì 12V, iná lè bá yín yọ ìpẹtà férémù kékeré tàbí ìdúró alùpùpù. Ṣíbí ńlá 1 washing soda (sódà ìfọṣọ) tó fún omi lítà 4 tí ẹ máa rì í sí. Okùn negative ni kí ẹ so mọ́ ẹ̀yà náà, kí positive wà lára àjákù irin lásán nínú omi kan náà. Ẹ má fi stainless ṣe àjákù yẹn, torí ó máa tú kúróòmù olóró sínú omi. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí gáàsì tó ń jáde lè gbiná.

Yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń tì yára jù, ó sì ń fi ojú irin sílẹ̀ ní ṣákiṣàki díẹ̀ tí ọ̀dà fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dí gbogbo ihò bóòtù àti ibi bíárìn kí ẹ tó gbé férémù fún oníṣẹ́ yanrìn. Hóró yanrìn kan tó wọ inú ẹ́ńjìnì tó láti bà á jẹ́. Alumíníọ́mù kò bá iná tàbí sódà onímájèlé (caustic soda) lò, gíláàsì wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n fọ́n sí i.

Oògùn tó ń sọ ìpẹtà di dúdú

Ásíìdì fọsífọ́ríìkì àti tánìn ló máa ń wà nínú wọn. Wọ́n wúlò fún abẹ́ férémù tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọn èyí tó ti ṣí kúrò, torí ohun tí kò lẹ̀ kò lè gbé ọ̀dà. Lórí irin tó mọ́, wọn kò ní ohun tí wọ́n máa yí padà. Wọn kò sì dí omi: ọ̀dà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé wọn.

Kúróòmù

Kúróòmù tó ń dán kò nípọn tó ìdá 1 nínú 1,000 mìlímítà. Níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń dáàbò bo irin. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán ohun tó rọrùn wò: ẹ run fóìlì alumíníọ́mù, ẹ rì í bọ omi, ẹ fi pa ojú rẹ̀. Fóìlì rọ̀ ju kúróòmù lọ, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ha á. Bí àmì pupa bá kúrò, kí ẹ fi ìda (wax) pa á ló kù.

Bí kúróòmù bá ti ń ṣí bí èèpo, ẹ̀yà tuntun tàbí àtúnwẹ̀ (kí wọ́n tún fi kúróòmù bò ó) ló kù. Àtúnwẹ̀ tó dára ń yọ ti àtijọ́ kúrò, ó ń dán irin, ó ń fi kọ́pà dí ihò, kí níkẹ́ẹ̀lì àti kúróòmù tó tẹ̀lé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá níkẹ́ẹ̀lì máa wà níbẹ̀ àti bó ṣe máa nípọn tó. Bó bá yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀, ẹ máa lọ síbòmíràn. Ẹ̀yà àfarawé olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní níkẹ́ẹ̀lì tín-ínrín, ìpẹtà kì í pẹ́ padà sára rẹ̀. Ti sàlẹ́ńsà yàtọ̀: ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í gba èyí tí wọ́n ti lò, èéfín dúdú inú rẹ̀ ń ba omi wọn jẹ́. Ẹ ra tuntun, tàbí ọ̀dà tó lè gba ooru tó 600°C.

Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú ni kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ìyókù. Kúróòmù rẹ̀ le, ó sì nípọn. Ihò kékeré kan níbi tí síìlì (rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú) ń rìn máa ń gé ètè síìlì, epo á jò, ó sì lè kán sórí dísìkì búrẹ́èkì. Ẹ yí ọ̀pá náà lórí gíláàsì tó tẹ́jú: bó bá ti tẹ̀, ọ̀pá tuntun ni. Bó bá tọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún kúróòmù líle fi sí i kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́. Síìlì tuntun ni kí ẹ fi sí i lọ́nà méjèèjì.

Ọ̀dà tó ń gbẹ̀yìn

Ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń yan ní nǹkan bí 180 sí 200°C le ju ọ̀dà fífọ́n lọ, òkúta kì í tètè gé e. Ṣùgbọ́n bó bá ya, omi á rìn lábẹ́ rẹ̀ láìhàn, ó sì nípọn tó láti bo ojú àlùmọ́ (ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀) tó ti sán. Ẹ yẹ gbogbo ojú àlùmọ́ férémù wò kí ẹ tó gbé e lọ. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tó jẹ́ epóksì pẹ̀lú ọ̀dà òkè rọrùn láti tún ṣe nílé, òun la máa yàn fún alùpùpù tó ń rìn lójoojúmọ́.

Ṣéènì, kálípà àti páìpù búrẹ́èkì tí ìpẹtà ti jẹ kò ní oògùn. Owó oògùn wọn ni kí ẹ fi kún owó tuntun, kí ẹ sì pààrọ̀ ṣéènì pọ̀ mọ́ àwọn àgbá eléyín (sprocket) méjèèjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.